Tíṣà Tó Ń Pè Ní Fúráìdé

Ní Fúráìdé àkọ́kọ́ tí fóònù náà dún, inú mọ́tò ni Ìdùnnú wà, níwájú rìfáínárì, ilé ìfọpo tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Pasadena, ní Texas. Ó ti bọ́ bàtà iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń fi gbogbo agbára fa ti òsì. Ó wo ojú fóònù. Nọ́ńbà ilé-ìwé ni.

Bàtà já lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fò, ó bá họ́ọ̀nù mọ́tò. Pòòò!

"Jésù," ó ní. "Ó parí."

Kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní ojo, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: yàrá ìdánwò epo ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ó lè gbé ìgò epo gbígbóná dání kó tún máa ṣàwàdà. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù láyé: ìpè láti ilé-ìwé.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kú, tó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ fún un. Ìtẹ́olúwa lorúkọ ọmọ náà, Chloe ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìbànújẹ́ ọmọ ọ̀hún kò mọ ẹkún sun. Ìjà ló mọ̀ ọ́n jà. Lọ́dún tó kọjá, ìgbà mọ́kànlá ni ilé-ìwé pè. Ní ìgbà kọkànlá, Chloe ti ilẹ̀kùn mọ́ tíṣà síta, ó bọ́ síwájú pátákó, ó sì fún gbogbo kíláàsì ní ọlidé.

Ọjọ́ yẹn ni Bọ̀dá Múyìwá nàka. Òun ni àkọ́bí ilé wọn, apòògùn ní àdúgbò Cinco Ranch, díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bí ilé-ìwé bá tún pè lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ yìí ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́dọ̀ Ìyá. Wọ́n mọ ọmọ tọ́ níbẹ̀."

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yẹn o. Kò ní bí ọmọ bá hùwà burúkú. Ó ní bí ilé-ìwé bá pè. Bọ̀dá Múyìwá kì í sì í yí ohùn padà. Irú ọṣẹ kan náà ló fi ń wẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ọdún.

Ìdùnnú gbé fóònù.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sà. Ohun tó bá fọ́, màá rà á. Ẹni tó bá gbá létí, màá wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́."

Ohùn ọkùnrin kan dáhùn ní Yorùbá, Yorùbá tó ti mu omi Houston yó.

"Mà, ẹ dákẹ́ ná. Ta ló nà yín tí ẹ ń sunkún? Èmi ni Ọlákúnlé, tíṣà sáyẹ́ǹsì Chloe. Ọmọ tuntun kan wà tí kò gbọ́ Òyìnbó. Chloe mú ọsàn méjì, ó fi ṣàlàyé bí òṣùpá ṣe ń yí po ayé fún un. Ó ṣe dáadáa. Ó tán."

"Kí ló tán?"

"Ọ̀rọ̀ mi."

"Kí ló wá fọ́?"

"Kò fọ́ nǹkan kan, mà. Ṣé etí yín dí ni? Mo ní ó ṣe dáadáa. Ẹ lọ jẹun."

Ó sì pa fóònù.

Ìdùnnú jókòó láìní bàtà lẹ́sẹ̀. Tíṣà pe ilé nítorí ire? Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Texas, ta ló gbọ́ ọ rí? Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bí tíṣà bá yọ ní ìkóríta, pankẹ́rẹ́ ni ìyá ẹni kọ́kọ́ ń wá, kí ó tó wá ìjókòó fún àlejò.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ìdùnnú kò fi ṣíbí mu tirẹ̀. Ìgò ló gbé dé ẹnu.

"Ìtẹ́," ó bi ọmọ náà nígbà tó lọ mú un, "kí lo fún tíṣà yín jẹ?"

"Nothing, Àńtí! Kí ni mo ṣe báyìí?"

"Ohun tí mò ń wádìí nìyẹn."

Ní Mọ́ńdè, ó gbé ẹjọ́ náà lọ bá Veronica. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Veronica tó ń jẹ́ Nathan sì wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú Chloe. Veronica gbé ṣíbí ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀.

"Tíṣà? Ọkùnrin? Ọmọ Yorùbá? Ó pè ọ́ láti sọ pé ọmọ rẹ dáa? Ìdùnnú, sá!"

"Sá lọ síbo?"

"Ó fẹ́ ta ìnṣọ́ránsì fún ọ. Bí kò bá ṣe ìyẹn, ó fẹ́ dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bí kò bá ṣe ìyẹn, ó ní ìyàwó mẹ́ta, ó ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣe ìpàdé."

Fúráìdé kejì, fóònù tún dún. Chloe bẹ ọmọ tó ṣẹ̀, kò sí ẹni tó ní kó bẹ̀ ẹ́. Fúráìdé kẹta, Chloe kó àwọn ìwé jọ láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Ìdùnnú wá dẹ pańpẹ́.

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín."

"Ìyàwó wo? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ta ló ń pa irọ́ yẹn kiri?"

Ìdùnnú kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kí ó má dà bí ẹni tí wọ́n jí ẹran nínú ìkòkò rẹ̀.

"Ẹ̀yin Mr. Ọlákúnlé, kí ló dé tí ẹ máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá mi wí?"

"Houston ni wọ́n bí mi sí," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Òyìnbó ni màmá mi fi ń bá mi ṣeré. Bí mo bá ṣẹ̀ nìkan ni Yorùbá ń dé. Mo sì ṣẹ̀ dáadáa."

Ní Fúráìdé kẹrin, Ìdùnnú bi í ní ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Kí lẹ fi ń nà wọ́n?"

"Nà kẹ̀? Kí wọ́n lé mi lọ?"

"Kí lẹ wá ń fún wọn?"

"Orúkọ wọn. Láràárọ̀, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń kí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí wọ́n bá kí dáadáa lẹ́nu ọ̀nà, ìjà inú rẹ̀ á ti rọ̀ kí ó tó jókòó. Ṣé ẹnikẹ́ni kí ẹ̀yin náà lónìí?"

Ìdùnnú ronú. Ẹ̀rọ tó ń ṣí géètì ilé-iṣẹ́ nìkan ló kí i.

"Ẹ káàsán o, Ìdùnnú," ọkùnrin náà ní.

Nígbà tó délé, ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta, ó dín dòdò. Ó ń kọrin jẹ́jẹ́, òun gan-an kò mọ̀. Chloe jókòó lórí àga gíga ilé ìdáná, ó ń wò ó.

Ní ọjọ́ ìsinmi, Bọ̀dá Múyìwá mú un lápá lẹ́yìn ìsìn.

"Ilé-ìwé kò tíì pè?"

"Rárá o, sà," Ìdùnnú dáhùn. Nínú ilé Ọlọ́run! Pẹ̀lú Bíbélì lábíyá!

Ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn, ohun méjì tí kì í sábà gbé yàrá kan náà. Ó ti gbà lọ́kàn pé ìfẹ́ ni. Lẹ́yìn Fúráìdé karùn-ún, ó ti ń fi lípsítíìkì kun ètè kí ó tó gbé fóònù, bí ẹni pé fóònù ní ojú.

Ìgbà náà ni Veronica wá jókòó tì í nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ojú ń tì í bí ọmọge.

"Ṣé o mọ̀ pé ó pe èmi náà?"

"Ta ni?"

"Tíṣà yẹn! Ó ní Nathan ṣe dáadáa. Ohùn rẹ̀ mà dáa o. Mo rò pé a ti ṣèdájọ́ ọkùnrin yẹn jù."

Ìrẹsì di iyanrìn lẹ́nu Ìdùnnú. Háà! Gbogbo ìyá kíláàsì ló ń pè! Ó fi oyin ra ètè, ó ń fi fóònù kiri! Kò dúró parí iṣẹ́. Ó tọrọ àyè, ó bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, ó dé ilé-ìwé. Wọ́n lẹ páálí àlejò mọ́ ọn láyà, ó sì dúró lẹ́yìn gíláàsì ilẹ̀kùn kíláàsì bí ọlọ́pàá.

Ohun tó rí dá a dúró. Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n ń pariwo bí ẹyẹ ẹ̀ga. Níwájú wọn ni ọkùnrin gíga kan wà, táì rẹ̀ wọ́, kò pariwo. Ó kàn na ọwọ́ ọ̀tún sókè, àtẹ́lẹwọ́ ṣí, ó sì dúró. Ọmọ kan rí i, ó na tirẹ̀, ó pa ẹnu dé. Òmíràn. Òmíràn. Kíláàsì dákẹ́ bí ìgbà tí òjò dá. Ó wá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn tẹ̀ síwájú kí wọ́n lè gbọ́. Chloe náà tẹ̀ síwájú. Chloe wa yìí!

Ọlákúnlé rí ojú lẹ́yìn gíláàsì, ó jáde.

"Ẹ pe Veronica náà!" Ìdùnnú kò kí i.

"Ìyá Nathan? Mo ń pe gbogbo ilé. Ilé méjì, mẹ́ta ní Fúráìdé kọ̀ọ̀kan, kó tó di ìparí táámù, kò ní sẹ́ni tó ṣẹ́ kù. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ burúkú nìkan ni mo ń pè, wọn ò ní gbé fóònù mi mọ́. Bí mo ṣe ń ṣe kíláàsì mi nìyẹn."

Ojú ti Ìdùnnú. Iṣẹ́ lásán ni! Ó ti fi lípsítíìkì kun ètè fún iṣẹ́ ìjọba! Ó yí padà kí ó máa lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ìṣirò ta á lọ́pọlọ, ó tún yí padà.

"Ẹ dúró ná. Ìgbà mélòó lẹ pe Veronica?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Èmi ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo òrùlé, ó wo bàtà rẹ̀, ó wo táì.

"Márùn-ún."

"Kí ló dé?"

Aago ilé-ìwé lù gbangan. Mr. Ọlákúnlé sá wọlé bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìtọ̀.

Láti ìgbà náà, ìfura kò jẹ́ kí Ìdùnnú sùn. Fúráìdé kẹfà, ìkeje, ìkẹjọ, ó ń pè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè yẹn. Bí ìfẹ́ bá wà, kí ló ń fi pamọ́?

Fúráìdé kẹsàn-án ni ilé wó.

Ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ kan bàjẹ́ ní rìfáínárì, wọ́n ní kí gbogbo wọn dúró ṣe ofatáìmù. Inú lọ́kà ìtọ́jú-ẹrù ni fóònù máa ń wà, wọn kì í gbé e wọ ibi epo. Nígbà tó máa fi jáde, ìpè ilé-ìwé mẹ́rin ló bá níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ kan láti ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Múyìwá: MO TI WÀ NÍ ILÉ RẸ.

Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn apartment, àpótí ìrìnàjò ló kọ́kọ́ rí. Chloe jókòó lé e lórí bí adìẹ lórí ẹyin. Bọ̀dá Múyìwá wà láàárín pálọ̀.

"Ilé-ìwé pè mí!" ó ké. "Nọ́ńbà mi ni ìkejì lórí ìwé, wọn ò rí ẹ bá sọ̀rọ̀, wọ́n pè mí!"

"Kí ni wọ́n sọ, sà?"

"Kí ni mo fẹ́ dúró gbọ́? Ó ní láti ilé-ìwé Chloe ni òun ti ń pè, mo pa fóònù. Mo ti lọ mú ọmọ. Mo ti bá Ìyá sọ̀rọ̀. Sọ́ńdè ló ń lọ!"

Ìdùnnú yí sí ọmọ. "Ìtẹ́, kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan! I swear!"

Ọkàn Ìdùnnú wá lọ sí ibi tí ìfura ti ń dúró dè é. Ọlákúnlé! Òun ló pè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi oyin tàn án kí ó lè ta á ní ìkẹsàn-án. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló yẹ kó sá. Òun dúró, ó ń dín dòdò fún ejò!

Ó kúnlẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Ojú ọmọ yìí nìkan ni mo ti ń rí ojú rẹ̀. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

"Àbúrò mi náà ló kú!" Bọ̀dá Múyìwá bú sí i, ohùn rẹ̀ sì fọ́ díẹ̀. "Ṣé kí n wá jókòó máa wo ọmọ rẹ̀ kó bàjẹ́?"

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn.

Ọlákúnlé ni, táì rẹ̀ wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí àgbà ọkùnrin nínú ilé, ó dọ̀bálẹ̀. Táì kọ́kọ́ dé ilẹ̀, òun tẹ̀ lé e.

"Ìwọ ni tíṣà náà!" Bọ̀dá Múyìwá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ nípa ilé-ìwé, ó sọ nípa Amẹ́ríkà, ó sọ nípa àwọn tíṣà tó wọ bàtà eléré ìdárayá lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ariwo ń mi férémù ògiri.

Ọlákúnlé dìde, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, àtẹ́lẹwọ́ ṣí, ó sì dúró.

Chloe na tirẹ̀, ó pa ẹnu dé. Ìdùnnú wo apá ara rẹ̀: ó ti wà lókè!

Ó wá ku ohùn Bọ̀dá Múyìwá nìkan. "Ẹ̀yin… kí ló dé tí gbogbo yín… ṣé olè wọlé ni?" Ó wò wọ́n yí ká. Ohùn náà rìn síwájú díẹ̀, ó wọ́lẹ̀, ó kú.

"Ẹ ṣé, sà," Ọlákúnlé sọ jẹ́jẹ́, tí Bọ̀dá Múyìwá fi ní láti tẹ̀ síwájú kó lè gbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka ìwé yìí sókè. Ohùn yín ló dáa jù nínú ilé yìí."

Bọ̀dá Múyìwá fa awò ojú yọ. Díákónì ni, ta ló máa fún un ní ìwé kíkà tó máa kọ̀? Ó kà á. Ilé-ìwé mú ọmọ mẹ́ta péré láti lọ bá àwọn onímọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ní Clear Lake, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí òfuurufú. Orúkọ kìn-ín-ní ni Chloe Ìtẹ́olúwa. Kí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i, kí ìwé padà kó tó di ọ̀la.

"Torí ìyẹn ni mo ṣe pè," Ọlákúnlé ní.

Bọ̀dá Múyìwá wá ibi ìjókòó. Chloe dìde fún un, ó jókòó lé àpótí. Kí ló dé bá àpótí? Síìpù fọ́, ẹnu rẹ̀ là, ohun inú rẹ̀ yí dànù. Kò sí aṣọ kankan níbẹ̀. Bàtà iṣẹ́ Ìdùnnú àtijọ́ nìkan ni, méjèèjì.

"Ìtẹ́, kí lo fẹ́ fi bàtà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó?"

"Ó ń rùn bíi yín, Àńtí," ọmọ náà ní. "Torí kí n má bàa gbàgbé."

Bọ̀dá Múyìwá bọ́ awò ojú, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Lójijì ó gbójú sókè. Ìfura ti tún gbé e dìde.

"Ẹ dúró. Ìgbà mélòó ni ọkùnrin yìí ti ń pe ilé yìí?"

"Mẹ́jọ," Chloe ní, ọmọ tó mọ ìṣirò.

"Mẹ́jọ! Ìdùnnú, o sì wojú mi parọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Tíṣà, kí lò ń wá?"

Ọlákúnlé wo òrùlé, ó wo bàtà rẹ̀. Kò sí aago tó máa lù lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹyọ kan ni ti iṣẹ́, sà. Méje yòókù, tèmi ni. Mo fẹ́ máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè pè láìní ìròyìn, màá di òpùrọ́. Nítorí náà, láti Mọ́ńdè ni mo ti ń ṣọ́ Chloe, mò ń wá ire kan tí màá fi pè. Bí mo ṣe ń wá a ni mò ń rí i."

Ohun tó fi pamọ́ rèé!

"Mo mọ̀," Chloe ní.

Gbogbo wọn yí sí i.

"Mo rí i pé ó ń ṣọ́ mi. Tó bá ti pè, Àńtí máa ń kọrin, wọ́n máa ń dín dòdò. Látìgbà tí Mummy ti kú, wọn ò kọrin rí. Torí náà mo máa ń rí i dájú pé nǹkan dáadáa ti wà nílẹ̀ kó tó di Fúráìdé."

Ìdùnnú fa ọmọ náà mọ́ra, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Múyìwá fi ọwọ́ gba orí.

"Ta ló ń kọ́ ta nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Ó fọwọ́ sí ìwé. Ó wá nàka sí Ọlákúnlé. "Mi ò tíì fọkàn tán ẹ o. Láti òní lọ, kí o tó pe àbúrò mi, èmi ni kí o kọ́kọ́ pè. Gbogbo Fúráìdé!"

Ó sì ń pè é. Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Karùn-ún, kò pa Fúráìdé kan jẹ. Ó ń ròyìn Chloe, ó ń ròyìn ara rẹ̀, nígbà míì ó ń ròyìn Bọ̀dá Múyìwá fún Bọ̀dá Múyìwá: "Sà, mo gbọ́ pé ẹ ò pariwo ní ìpàdé díákónì. Ẹ ṣe dáadáa."

Fúráìdé tí ilé-ìwé parí, Ọlákúnlé wá dúró ti mọ́tò Ìdùnnú níwájú rìfáínárì. Ó kúnlẹ̀ lórí kọ́ńkéré gbígbóná, ó bá a fa bàtà òsì tó máa ń le láti bọ́. Kò dìde.

"Ìwọ obìnrin yìí," ó ní, ó dijú mọ́rí, "títí di ìgbà wo ni màá máa sọ ọ́? Ṣé o ò ní fẹ́ mi ni?"

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọrọ nìyẹn?"

"Gbogbo ìfẹ́ tí mo gbọ́ ní Yorùbá, inú ìbáwí ni mo ti gbọ́ ọ," ó ní. "Ìdùnnú mi, jọ̀ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni, olówó orí mi. Dìde, kí orúnkún rẹ má jóná."

Wọ́n pe Bọ̀dá Múyìwá ní Cinco Ranch. Ìdùnnú mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í yí ọṣẹ padà lè ní òun ò gbà.

"Ẹ káàsán, sà," Ọlákúnlé ní. "Kò fọ́ nǹkan kan. Mo bi í. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ku ọ̀rọ̀ tiyín."

Ìdùnnú gba fóònù. Kò gbọ́ ju ìró ẹ̀rọ amúlétutù lọ lọ́hùn-ún.

"Bọ̀dá? Bọ̀dá mi, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ẹ ò sọ̀rọ̀."

Ohùn àgbà ọkùnrin náà jáde, omijé ti mú un wúwo.

"Mo wà níbẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ ni mo nà sókè. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."